Ẹ má da aró nù torí àwòrán

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Orí fóònù ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín torí ojú mi ò gbé lẹ́tà wínníwínní inú bébà mọ́, orí fóònù náà ni mo ti ń tẹ lẹ́tà yìí, ọmọ ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe ẹ bá mi tún un ṣe, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé ọ̀rọ̀ mi sí méjì.

Ọ̀rọ̀ agboolé aláró tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ní àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń yàwòrán fẹ́ gba agboolé kan níbí l'Abẹ́òkúta, ibi táwọn ìyá wa ti ń rẹ aṣọ láró látayébáyé, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di gálárì. Ìyẹn ò bí mi nínú rárá. Ohun tó bí mi nínú ni èyí tí ọ̀kan nínú wọn sọ nísàlẹ̀ ìròyìn yẹn, pé wọ́n máa kọ́kọ́ kó gbogbo ìkòkò jáde ná, wọ́n á fọ ilẹ̀, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kun ògiri, torí pé òórùn aró ò ní jẹ́ kí àlejò lè dúró wo àwòrán. Ó ní wọ́n á fi ìkòkò kan tàbí méjì sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, òfìfo, káwọn èèyàn lè máa ya fọ́tò níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ gbé omi ọbẹ̀ kaná, mo tún padà wá kà á, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà.

Ẹ gbọ́ ná. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe irú ohun tí àwọn ọmọ yẹn fẹ́ ṣe, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, ojú mi ló rí i, wọn ò sì gbé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ítálì ló bímọ, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Modena ni ìlú yẹn ń jẹ́, ẹ̀gbẹ́ Bologna ló wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Enzo Ferrari tó ni mọ́tò Ferrari sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Pavarotti olórin sí, àmọ́ èmi ò rí ẹni bá mi sọ̀rọ̀ mọ́tò tàbí orin ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí mo lò, fínígà ni gbogbo wọn ń sọ. Fínígà o! Èyí tí Bíbélì wa pè ní ọtí kíkan, èyí tá a fi ń fọ ẹ̀fọ́ kí kòkòrò inú ẹ̀ lè kú. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ mi ò gbọ́ èdè wọn dáadáa ni.

Ìyá àgbà òyìnbó kan wà lódìkejì títì wọn, ó ti lé ní 80 ọdún, ó fẹ́ràn ọmọ tuntun yẹn débi pé tó bá gbọ́ ẹkún ẹ̀ á ti yọjú lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan ó ní ká wá wo fínígà ilé òun. Mo wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ torí mo rò pé inú ilẹ̀ la máa wọ̀ lọ, ṣebí ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé abẹ́ ilẹ̀ làwọn òyìnbó ń kó ọtí wọn pamọ́ sí. Rárá o. Àtẹ̀gùn la gùn, a gùn ún títí a fi dé àjà, abẹ́ òrùlé gan-an. Oṣù keje ni, ooru tó wà lókè yẹn ju ti Abẹ́òkúta lóṣù kẹta lọ, mo wá ń wò ó pé kí ló dé tí wọ́n fi kó nǹkan mímu sínú irú ooru yìí. Àṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ooru ló ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ kó sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, tí òtútù bá dé á sinmi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ á wálẹ̀. Tó o bá gbé e lọ sí ibi tó tutù minimini ọdún yípo, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Òórùn ẹ̀ ti pàdé wa lórí àtẹ̀gùn kejì. Ó mú, ó dùn, ó tún kan, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó wọ imú mi lọ sínú ojú, omi bọ́ lójú mi. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé ẹ má bínú sí òórùn yìí. Ìyá yẹn tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń mí in símú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ilé ìyá ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ aró rí, á tètè yé e. Omi èso àjàrà tuntun ni wọ́n máa fún, wọ́n á gbé e kaná nínú ìkòkò tí wọn ò dé lórí, á máa sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí á fi ki. Á kọ́kọ́ di ọtí, lẹ́yìn náà á wá kan. Tiwa, tí ẹmu bá ti kan báyìí a ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, a máa dà á nù ni, àmọ́ ibi tí tiwa parí sí yẹn ni tiwọn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á to àgbá onígi tẹ̀lé ara wọn, látorí èyí tó tóbi jù dórí èyí tó kéré jù, igi wọn ò sì jọra, torí igi kọ̀ọ̀kan ló ní adùn tó ń fi sí i. Lọ́dọọdún wọ́n á fa ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àgbá tó kéré jù, wọ́n á bù nínú èyí tó tẹ̀ lé e fi dí i, wọ́n á bù nínú ẹ̀kẹta fi dí ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dórí àgbá ńlá, òun ló máa wá gba tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Wọn kì í dà á tán láéláé. Ọdún 12 ló kéré jù tó gbọ́dọ̀ lò kí wọ́n tó gbà kí wọ́n fi orúkọ ìbílẹ̀ Modena, ìyẹn balsamico tradizionale, tà á, èyí tó bá lo ọdún 25 ló ní orúkọ àgbà tiẹ̀. Àwọn atọ́wò sì máa tọ́ ọ wò kó tó wọ ìgò, ìgò ọ̀hún ò ju 100 mílílítà lọ, Giorgetto Giugiaro tó ń ya àwòrán bí mọ́tò ṣe máa rí ló ya bí ìgò yẹn ṣe rí. Iye tí mo rí lára ìgò ọlọ́dún 25 ní ṣọ́ọ̀bù lé ní 100 yúrò. Mo bi ọmọ mi pé ṣé kì í ṣe pé ó ṣi nọ́ńbà kà.

(Wọ́n ní ẹ̀dà tiẹ̀ tó pọ́ọ́kú náà o, tí wọ́n ń tà níbi gbogbo láyé, ó ń jẹ́ orúkọ tó fara jọ ọ́, àmọ́ kò gbé inú àgbá pẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń tajà ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú níbí tó ti rí àdìrẹ Ṣáínà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé òfin jẹ́ kí tiwọn dá yàtọ̀, ìgò ẹ̀ yàtọ̀, orúkọ ẹ̀ yàtọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀kan parọ́ èkejì fún ọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ìyá yẹn wá gbé ọmọ lọ́wọ́ ọmọ mi, ó gbé e lọ síwájú ọ̀wọ́ àgbá kan, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bí òun ni bàbá òun to àgbá yìí fún òun. Ó ní àṣà wọn látijọ́ nìyẹn, tí wọ́n bá bí ọmọbìnrin, wọ́n á to àgbá tuntun fún un, tó bá dàgbà tó ń lọ ilé ọkọ á kó o dání. Mo ní kí ọmọ mi túmọ̀ ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Torí ìkòkò aró méjì ni ìyá tèmi gbé fún mi nígbà tí mò ń lọ ilé ọkọ, a ru ú láti Ìtòkú dé Kémta, àbúrò mi ru ọ̀kan èmi ru ọ̀kan, ọrùn dun wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ fún ìyá òyìnbó yẹn. A ò gbọ́ èdè ara wa àmọ́ a jọ dúró síbẹ̀, a di ọwọ́ ara wa mú.

Àwòrán wá ńkọ́? Gbogbo àjà yẹn ló kún fún àwòrán. Ìdílé yẹn ti gba àwọn àtíìsì mẹ́rin kan láyè pé kí wọ́n kó iṣẹ́ wọn wá síbẹ̀ títí di ìgbà ìkórè àjàrà. Òfin tí wọ́n fún wọn ò pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ àgbá. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé iná tó ń gbóná wá. Wọn ò gbọ́dọ̀ sún àgbá kankan kúrò ní àyè ẹ̀, ì báà ṣe íńṣì kan. Tí àwòrán bá ń fẹ́ àyè, àwòrán ni kó wá àyè fún ara ẹ̀.

Ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ẹnì kan gbé rọ́bà gbọọrọ gbọọrọ tí iná pupa wà nínú ẹ̀ kọ́ sára igi òrùlé, ó ń tàn ó ń kú, mi ò rí nǹkan kan dì mú nínú ẹ̀. Ó lè wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó lè wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ibi tó wà ò kàn án. Òmíràn ya ojú èèyàn sára aṣọ, ìyẹn dáa díẹ̀. Àmọ́ ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, lójú tèmi kò tíì pé 30 ọdún, tó bá jẹ́ torí tiẹ̀ nìkan ni mo ṣe gun àtẹ̀gùn yẹn, ó tó.

Ẹ wò ó, àgbá kọ̀ọ̀kan ní ihò lórí, wọn kì í fi ọmọrí dé e pa torí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ọ́, aṣọ funfun kékeré ni wọ́n fi ń bò ó. (Ẹni tó bá ti bá aṣọ ṣiṣẹ́ ò ní ṣàì wo aṣọ yẹn, gbogbo etí ẹ̀ ló ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èéfín fínígà ló rẹ ẹ́.) Ọmọbìnrin yìí wá lu bàbà pẹlẹbẹ, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó fi òwú so ó kọ́ sókè ihò kọ̀ọ̀kan. Kò kun nǹkan kan sí i lára. Ó kàn so ó kọ́ síbẹ̀ látìgbà òtútù ni, ó lọ sílé ẹ̀. Èéfín tó ń jáde látinú àgbá ló ń yàwòrán sára bàbà yẹn. Òmíràn ti dúdú bí ìdí ìkòkò, òmíràn ti hu àwọ̀ ewé bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, òmíràn ń dán bí ọrùn ẹyẹlé, kò sí méjì tó jọra, torí kò sí àgbá méjì tó jọra. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa parí. Ó ní ọjọ́ tí òun bá tú u sílẹ̀ kúrò lókè àgbá ló parí.

Ó tún sọ nǹkan kan fún wa tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́ tí àwọn ayàwòrán Yúróòpù bá fẹ́ ọ̀dà funfun, òjé ni wọ́n máa ká sínú ìkòkò tí fínígà wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n á wá fi ìgbẹ́ ẹṣin bò ó mọ́lẹ̀ kó lè máa móoru, tó bá pẹ́ òjé yẹn á hu nǹkan funfun lára, èyí ni wọ́n ń hó kúrò tí wọ́n ń lọ̀ fi yàwòrán. Ó ní májèlé gidi ni, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́. Bàbà náà, fínígà ni wọ́n fi ń mú àwọ̀ ewé jáde lára ẹ̀. Ìgbẹ́ ẹṣin o! Àwọn àwòrán ńlá ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, táwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wò, inú fínígà àti ìgbẹ́ ẹṣin ni funfun inú wọn ti jáde. Ẹnì kan wá ń sọ fún mi l'Abẹ́òkúta pé òórùn aró ò ní jẹ́ ká wo àwòrán.

Èmi náà sọ tèmi fún un. Mo fi èékánná mi hàn án, torí ọ̀kan ṣì wà tó dúdú láti ìdí, kò lè ṣí mọ́ títí n ó fi kú. Mo sọ bá a ṣe ń gún ewé ẹlú, tá a máa ń pọn ọ́n ní róbótó róbótó, tá a máa sá a sóòrùn. Mo sọ bá a ṣe ń jó eérú, tá a máa ń dà á sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, tá a máa bu omi lé e, táá máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, omi eérú yẹn la máa kó ẹlú sí. Mo ní a máa dé e, a máa fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ohun tó wà nínú ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́, á máa hó láìsí iná lábẹ́ ẹ̀, á sì máa rùn, òórùn yẹn la fi ń mọ̀ bóyá ó ti jinná. Tí òkè ẹ̀ bá ti ń dán bíi bàbà, aró ti dé. Ọmọ mi ní kí n dúró, kí n jẹ́ kí òun rí ọ̀rọ̀ tóun máa fi túmọ̀ ẹ̀. Mo ní tó o bá wá ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́ tó o fà á jáde, kì í jáde ní dúdú, àwọ̀ ewé ló máa bá jáde, bíi tewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ojú ẹ báyìí ló máa ti máa yí padà, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. O máa tún un kì, o máa tún un fà jáde kó fẹ́ atẹ́gùn, títí á fi dúdú bó o ṣe fẹ́. Ọmọbìnrin yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó yọ ìwé jáde, ó ń kọ ọ́. Bàbà tiẹ̀ kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ ewé, aṣọ tiwa kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di aró. Ó bi mí bóyá àwọn àtíìsì ìlú mi máa ń wá ṣiṣẹ́ nídìí ìkòkò wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé ọmọ lọ́wọ́ ìyá àgbà, mo ní ó ti ń sùn, ká máa lọ sílé.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí gan-an rèé. Tẹ́ ẹ bá kó ìkòkò jáde tẹ́ ẹ kun ògiri ní funfun, kí ló kù nínú agboolé yẹn tí ò sí níbòmíràn? Yàrá funfun ni. Ó pọ̀ l'Èkó. Irú iṣẹ́ rọ́bà oníná pupa yẹn ló kù tẹ́ ẹ lè gbé wá síbẹ̀, èyí tó lè wà níbikíbi. Èyí tó dà bíi ti bàbà yẹn ò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́, torí ẹni tó ń yàwòrán gan-an lẹ lé jáde. Ògiri tẹ́ ẹ fẹ́ kùn yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti fara balẹ̀ wò ó? Ọwọ́ àwọn ìyá wa ló wà lára ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tì í tí wọ́n bá fẹ́ dìde nílẹ̀, ọdún lórí ọdún, aró ti wọ símẹ́ǹtì yẹn lọ. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún tán, ẹ wá gbé àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ sórí ẹ̀.

Ẹ má bá mi sọ pé torí mo ti dàgbà ni mi ò ṣe fẹ́ nǹkan tuntun. Àwa aláró Abẹ́òkúta la kọ́kọ́ jà nítorí nǹkan tuntun. Ní 1936, láyé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ìjọba Ẹ̀gbá sọ pé àwọn aláró ò gbọ́dọ̀ lo kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó mọ́, pé ó ń ba orúkọ àdìrẹ jẹ́. Àwọn ìyá yẹn ò gbà. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n kọ̀wé, títí tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tó ń lo sódà, kò sì tijú ẹ̀, ó ní eérú ò tètè jó, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lọ síléèwé. Ó tún máa ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ìyá Mápó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, kó tó ṣí ìkòkò lówùúrọ̀ (èmi ò ṣe ìyẹn o, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ), kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lo kámpálà alárànbarà tó wá wọ̀lú, mo lo haidirọ́ọ̀sì, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró, mo lo gbogbo ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn tó ṣì ń fi ẹlú ṣe é ò pọ̀ mọ́, ìyẹn gan-an ló fi ń dùn mí pé àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ni wọ́n máa wá da ìwọ̀nba tó kù nù.

Àwa náà la ní àpẹẹrẹ nílé. Ẹ wo Màmá Nike Okundaye, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ fún àdìrẹ, gálárì wọn wà ní Lẹ́kí l'Èkó, wọ́n ní ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ọ̀yàn níṣẹ́ ní Òṣogbo, àwọn tó ń wá wo àwòrán ń rí ẹni tó ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ àdìrẹ, wọ́n ń rí bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bínú sí òórùn. Ní Modena yẹn, àgbá fínígà wà ní àjà ilé ìjọba ìbílẹ̀ wọn, wọ́n ń mú àlejò gun òkè lọ wò ó. Mo máa ń rò ó pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìkòkò aró kan síwájú Olúmọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣẹ̀ṣọ́ o, èyí tí aró wà nínú ẹ̀, tí ẹnì kan ń tọ́jú, àlejò tó ń bọ̀ wá wo àpáta á mọ̀ pé òun ti dé ìlú àwọn Ẹ̀gbá kó tó gun àtẹ̀gùn.

Wọ́n á ní wàhálà ẹ̀ pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́. Kọ́sítíìkì ń jó ara, kò yẹ kí ọmọ kékeré àti àlejò máa rìn gbéregbère nítòsí ẹ̀, ẹ fi okùn pààlà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìyẹn láti ọ̀ọ́kán. Iṣẹ́ orí bébà ò ní pẹ́ bàjẹ́ nínú ọ̀rinrin yẹn, ẹ má gbé bébà wá. Ilẹ̀ ń yọ̀. Tí wọ́n bá ń sá aṣọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ sì sanwó fáwọn aláró, owó gidi, kì í ṣe mìnírà àti súyà lọ́jọ́ tí gómìnà àti àwọn èèyàn ńlá bá wá ṣí i. Ohun tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù nínú ìròyìn yẹn ni pé ẹ fọ̀rọ̀ wá àtíìsì mẹ́ta lẹ́nu wò, kò sí aláró kan ṣoṣo. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àmọ́ agbe kọ́ ló ń pọnmi dà sórí eérú laago márùn-ún ìdájí.

Ó dáa, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ẹnu lásán ni mò ń yá. Ìkòkò méjì tí ìyá mi gbé fún mi yẹn, ọ̀kan ti sán, mo gbin ewúro sínú ẹ̀. Èkejì ṣì wà lẹ́yìnkùlé mi ní Kémta, aró ẹlú wà nínú ẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀wé yìí, mo dá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á ti jinná tó bá fi di Sátidé. Bàbà pẹlẹbẹ tí ọmọbìnrin yẹn fún mi wà lọ́dọ̀ mi, mi ò tíì mọ ohun tí aró máa ṣe fún un tí mo bá so ó kọ́ sókè ìkòkò, bóyá kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn wá ká jọ wò ó. Kí wọ́n kó ohun tí wọ́n bá fẹ́ dání, aṣọ, igi, irin, fídíò pàápàá, àyè wà. Mi ò ní gbé ìkòkò kúrò níbi tó wà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má wọ súníkà funfun wá.

Èmi ni,
Ìyá aláró kan ní Kémta, Abẹ́òkúta.